Káàdì Ìyáálé

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni Sàdíátù Àtọ́kẹ́ fi ń jẹun. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ aránṣọ lè rò pé ọwọ́ ni, ṣùgbọ́n maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni tirẹ̀. Ọwọ́ kàn ń tọ́ aṣọ sọ́nà ni. Ẹsẹ̀ ní í sọ fún abẹ́rẹ́ pé kó máa lọ, òun náà ní í sọ fún un pé kó dúró. Ní Òkè-Ogbó ní Ilé-Ifẹ̀, láti bí ọdún tí a gba òmìnira títí di ọdún tí yunifásítì kó dé Ifẹ̀, ìyàwó tuntun tí kì í bá ṣe òun ló rán bùbá rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn tí ilé wọn fara kan tirẹ̀ sọ pé ìró maṣíìnì náà ni àwọn fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa: kò yára, kò falẹ̀, bí òjò tó ti pinnu láti rọ̀ di ọ̀sán.

Ẹdẹ ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ọkọ rẹ̀, Sànúsí Àdìó, káfíńtà, ọmọ Ìwó ni. Òun kọ́ ni Sànúsí kọ́kọ́ fẹ́. Ṣàkírátù ló bá nílé, Ṣàkírátù kò sì tíì bímọ. Nígbà tí Sàdíátù bí àkọ́bí rẹ̀, ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí àfáà ti pe orúkọ tán, ó gbé ọmọ náà lé ìyáálé rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ẹ gbà, ọmọ yín nìyí." Láti ọjọ́ náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pe Ṣàkírátù ní Ìyá Àyọ̀kẹ́. Sàdíátù tó bí Àyọ̀kẹ́ gan-an, Àǹtí ni ọmọ náà ń pè é. Kò sí ẹni tó rí i bí ohun àjèjì. Nínú ilé tí ìyàwó bá ti mọ ẹ̀tọ́, bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Ó tún bí méjì sí i lẹ́yìn Àyọ̀kẹ́. Ìyáálé rẹ̀ ló pọn gbogbo wọn dàgbà.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1968, ibà dá Sàdíátù dúbúlẹ̀. Ṣàkírátù ló fà á lọ́wọ́ dé ilé ìwòsàn Dókítà Adéagbo. Níbẹ̀, ẹni tó bá ní káàdì tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gba káàdì a máa jókòó títí òòrùn á fi kàntàrí. Ojú Sàdíátù ti pọ́n bí ẹyín iná. Ṣàkírátù wo èrò, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó bá tú etí aṣọ rẹ̀, ó yọ káàdì tirẹ̀ jáde.

"Mú un, kó o jẹ́ orúkọ mi," ni ó wí. "Ilé kan náà la ti wá. Ibà kì í béèrè orúkọ."

Lójú àwọn méjèèjì, kì í ṣe irọ́. Ìró tí ọ̀kan bá wọ̀ lónìí, èkejì lè ró o lọ́la. Ìkòkò kan náà ni wọ́n fi ń sebẹ̀. Káàdì kì í kúkú ṣe ohun tó ju ìró lọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pe "Ṣàkírátù Sànúsí," Sàdíátù ló dìde.

Dókítà wò ó, ó kọ abẹ́rẹ́ sínú káàdì. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dilẹ̀. Abógúnrìn ló gbé abẹ́rẹ́ dé. Abógúnrìn kò kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Òun ló ń gbálẹ̀, tó ń se abẹ́rẹ́ nínú omi gbígbóná, tí Dókítà wá ń jẹ́ kó máa gún un nígbà tí èrò bá pọ̀. Kò gún un lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, bí àwọn nọ́ọ̀sì ti máa ń ṣe. Ó gún un nísàlẹ̀, ní àárín gbùngbùn ìdí. Bí abẹ́rẹ́ ti wọlé, iná kan sọ láti ibẹ̀ lọ dé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Sàdíátù ké.

"Ẹ̀yin obìnrin ẹ̀ẹ́ bímọ ẹ ò ní ké," ni Abógúnrìn wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Abẹ́rẹ́ bín-ín-tín, ẹ ti pe gbogbo Ifẹ̀!"

Sàdíátù fi ẹsẹ̀ méjì wọlé, ó gun ẹ̀yìn ìyáálé rẹ̀ jáde. Ibà lọ ní ọjọ́ kẹta. Ẹsẹ̀ kò padà. Láti orúnkún lọ sísàlẹ̀ ó rọ jọwọlọ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé kúrò nílẹ̀ mọ́. Ó jókòó sídìí maṣíìnì, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé ibi ìtẹ̀, ó sọ fún un pé kó tẹ̀. Ẹsẹ̀ kò gbọ́.

Sànúsí ló ṣe fèrèsé ilé Lọ́yà Awóyẹmí, ọmọ Ifẹ̀ tó ní ọ́fíìsì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Mayfair. Ibẹ̀ ló mú ìyàwó rẹ̀ lọ. Ó fẹ́ pọn ọ́n gun àtẹ̀gùn, Sàdíátù kọ̀. Ó di ògiri mú, ó gun ìgbésẹ̀ mẹ́rin, ó sì jókòó síbẹ̀. Lọ́yà fúnra rẹ̀ ló sọ̀kalẹ̀ wá, ó jókòó nísàlẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, láìwo ti ṣòkòtò funfun tó wọ̀.

"Ẹ ò ní gòkè mọ́, Ìyá aránṣọ," ni Lọ́yà wí. "Èmi ni n ó máa sọ̀kalẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì sunkún sí i, torí kóòtù kì í kọ ẹkún sílẹ̀."

Ó bi í ní ọjọ́, ó bi í ní wákàtí. Ta ló mú abẹ́rẹ́? Irú aṣọ wo ló wọ̀? Ṣé ó dúró ni àbí ó dùbúlẹ̀? Ó ní kó fi ìka kan ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé, lórí ìró. Sànúsí yí ojú sí títì. Ó tún bi í bóyá kí wọ́n tó fa abẹ́rẹ́ yọ ni iná náà sọ, àbí lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí wọ́n tó fà á yọ ni."

Lọ́yà kọ ọ́, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ gbọ́," ni ó wí. "Pé ẹsẹ̀ yín kò ṣiṣẹ́ mọ́, kò tó. Dókítà lè ní àmúwá Ọlọ́run ni. Mo ní láti fi han adájọ́ pé ẹni tí kò yẹ kó mú abẹ́rẹ́ ló mú un, pé ibi tí kò yẹ kó gún ló gún, pé ibẹ̀ gan-an ni iṣan ẹsẹ̀ gbà kọjá. Dókítà mìíràn ló sì gbọ́dọ̀ bá mi sọ ọ́."

"Lọ́yà, ṣé dókítà á wá jẹ́rìí ta ko dókítà?" ni Sànúsí béèrè.

"Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n n ó wá a dé Ìbàdàn."

Ó sì wá a. Mẹ́ta kọ̀. Ìkẹrin, àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, fi orí abẹ́rẹ́ kan ẹsẹ̀ Sàdíátù níbi mẹ́tàdínlógún, ó ń bi í, "Ṣé o gbọ́ ọ? Èyí ńkọ́?" Ó kọ ìwé ojú méjì, ó fọwọ́ sí i. Inú Sàdíátù dùn sí ìwé yẹn bí ẹni pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fún un.

Dókítà Adéagbo náà kò jókòó lásán. Ó rán àgbààgbà mẹ́ta wá sí Òkè-Ogbó láti wá bẹ̀bẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

"Baba," ni Sànúsí dáhùn, "ṣé ọ̀rẹ́ là ń bá Dókítà ṣe tẹ́lẹ̀ ni?"

Àwọn tó wà nínú àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà yíjú sí Sàdíátù. "Ìwọ aya, kí lo fẹ́ gan-an?"

"Ẹsẹ̀ mi ni, Baba."

Wọ́n mu omi, wọ́n lọ.

Lẹ́yìn èyí ni Lọ́yà kọ̀wé sí ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ tí èsì dé, òun fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ wá sí Òkè-Ogbó. Sànúsí wà ní ṣọ́ọ̀bù, Ṣàkírátù wà lọ́jà. Sàdíátù nìkan ló bá nídìí maṣíìnì tí kò dún.

"Wọ́n ní àwọn kò tọ́jú ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Sàdíátù Sànúsí rí," ni Lọ́yà wí. "Orúkọ yín kò sí nínú ìwé ńlá wọn. Kí ni ká ti gbọ́ èyí sí?"

Sàdíátù tẹ orí ba. Ó fa dúrọ́ọ̀ maṣíìnì, níbi tó ti fi káàdì sí láti ọjọ́ abẹ́rẹ́, ó nà án sí i.

"Èyí ni wọ́n fi tọ́jú mi."

Lọ́yà gbà á. "Ṣàkírátù. Orúkọ yín mìíràn nìyẹn?"

Ìtìjú kò jẹ́ kó la ẹnu. Ó kàn mi orí bí ẹni tó gbà. Lọ́yà ṣí káàdì, ojú rẹ̀ sì là. Ọjọ́ náà wà níbẹ̀, oògùn náà wà níbẹ̀, Abógúnrìn sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ síwájú abẹ́rẹ́. "Ó ti so okùn mọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn!" ni Lọ́yà wí. Ó ṣí i padà sẹ́yìn, ó ń kà á lọ.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún yín níbẹ̀ rí? Òun nìyí, ọdún 1962. Oyún bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò dá, wọ́n sì yọ ilé ọmọ yín."

Sàdíátù rẹ́rìn-ín. "Lọ́yà, ṣé ẹ gbọ́ èyí tó ń sunkún nínú ilé yẹn? Ọmọ ọdún méjì ni. Èmi ni mo bí i."

Kó tó sọ ọ́ tán ni ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ọdún 1962. Ọdún tí Sànúsí lọ kọ́lé l'Ékòó, tí Ṣàkírátù lọ sílé ìyá rẹ̀ fún oṣù méjì, tó padà dé tó rù kan egungun, tó ní ibà ni.

Lọ́yà pa káàdì dé. "Ta ni Ṣàkírátù?"

"Ìyáálé mi ni, sà."

Lọ́yà yọ gíláàsì rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ẹnu mi ló já," ni ó wí. "Ẹ forí jì mí. Kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi."

Sàdíátù bi í bóyá a lè ya ojú ìwé yẹn kúrò. Lọ́yà ní ẹni tó bá ya ìwé ẹ̀rí, ẹ̀wọ̀n ló ń wá. Ó bi í bóyá a lè fi nǹkan bò ó.

"Agbẹjọ́rò wọn á ní kí n ṣí i. Ojú ibẹ̀ gan-an ni yóò kọ́kọ́ kà sókè. Yóò bi yín bí obìnrin tí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ ní 1962 ṣe bímọ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ó ní ẹ̀yin kọ́ ni. Yóò wá pe ìyáálé yín síwájú, yóò ní kó búra, kó sọ ẹni tí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀. Ọkọ yín á wà níbẹ̀, ìyá ọkọ yín á wà níbẹ̀."

"Bí káàdì kò bá sí ńkọ́?"

"Bí káàdì kò bá sí, ẹ ò dé ilé ìwòsàn yẹn rí. Dókítà Ìbàdàn lè sọ pé abẹ́rẹ́ ló ṣe é. Kò lè sọ abẹ́rẹ́ ta ni." Ó dìde. "Ẹ mú èsì wá fún mi ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Ọ̀nà méjèèjì ni mo ti sọ ibi tó lọ fún yín. N ò lè bá yín yàn."

Adìẹ bà lókùn. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Sànúsí ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù pé òun ń gbé dókítà lọ sí kóòtù gíga. Lójoojúmọ́ ló ń béèrè, "Ọjọ́ wo ni wọ́n dá?" Sàdíátù á ní ó kù díẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ìyá Sànúsí dé láti Ìwó, bó ti máa ń dé ní gbogbo Jímọ̀ tó bá kẹ́yìn oṣù. Ó gbé àgúnmu dání, tí Ṣàkírátù á fi ẹ̀kọ gbígbóná mu kó lè lóyún. Sàdíátù ti ń wo mímu yìí láti ọdún mẹ́fà, kò sì rí nǹkan kan nínú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ náà ó wo ọ̀fun ìyáálé rẹ̀ bó ti ń lọ tó ń bọ̀. Ṣàkírátù mọ̀ pé agbọ̀n lòun ń pọn omi sí. Ó mu ún tán, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá. Àṣẹ Ọlọ́run." Ìyá ọkọ wọn ní, "Àmín."

Lẹ́yìn tí arúgbó lọ, Ṣàkírátù ní, "Wọ́n ní Lọ́yà wá. Kí ló wá ṣe?"

"Káàdì yín ló fẹ́, Ìyá Àyọ̀kẹ́."

"Káàdì lásánlàsàn! Gbé e fún un. Bí wọ́n bá ní kí n wá búra, n ó wá. N ó wọ lẹ́ẹ̀sì mi kan ṣoṣo yẹn. Ṣebí èmi ni mo fi lé ọ lọ́wọ́? Bí mo bá rí ẹsẹ̀ yẹn, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi."

Ṣàkírátù kò mọ̀wé. Ó rò pé orúkọ àti nọ́ńbà nìkan ló wà nínú rẹ̀. Bí ìyáálé rẹ̀ bá kọ̀, ì bá sàn fún Sàdíátù. Ọ̀nà kan ì bá ti dí. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti gbà láti rìn lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, tòun ti lẹ́ẹ̀sì. Bí Sàdíátù bá dákẹ́, ó ti tà á. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ohun tí ẹni náà fi ọdún mẹ́fà bò ti ṣí lójú orogún rẹ̀.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè tí Mọ́ńdè náà kù ọ̀la, Ṣàkírátù gbé ẹsẹ̀ Sàdíátù lé itan, ó ń fi òrí ra á bó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́.

"Ìyá Àyọ̀kẹ́," ni Sàdíátù wí, "gbogbo nǹkan ló wà nínú káàdì yẹn."

"Gbogbo nǹkan bíi ti kí ni?"

"Ti ọdún tí ọkọ wa wà l'Ékòó."

Ọwọ́ tó ń ra ẹsẹ̀ dúró. Ẹsẹ̀ náà kò gbọ́ ìgbà tó dúró. Ojú ni Sàdíátù fi rí i.

"Ta ló kà á?"

"Lọ́yà ni. Kò ní sọ ọ́. Ẹlòmíràn kò mọ̀."

"Ìwọ mọ̀." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Gbé e wá kí n rí i."

Ó ṣí i. Àgbélébùú pupa tó yẹ kó wà lókè káàdì wà nísàlẹ̀. Ó ń wo àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa èkúta nínú ìrẹsì.

"Èwo ni nínú gbogbo èyí?"

"N ò mọ̀."

"Ṣé èyí ni? Ó gùn."

"Bóyá."

Àwọn méjèèjì tẹ orí ba káàdì, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ìyá mi ló tẹ̀ka sí ìwé iṣẹ́ abẹ náà," ni Ṣàkírátù wí. "N ò mọ̀ títí mo fi jí. Mo fẹ́ sọ fún ọkọ wa nígbà tó ti Èkó dé. Kí n tó la ẹnu, ìyá rẹ̀ ti gbé àgúnmu wá, mo sì ti mu ún. Ẹni tó ti mu ti àkọ́kọ́, báwo ló ṣe fẹ́ kọ èkejì?" Ó pa káàdì dé, ó nà án. "Gbé e lọ fún Lọ́yà."

Sàdíátù mú un létí kan. Ẹnu ìyáálé rẹ̀ ní kó gbé e lọ. Ìka rẹ̀ kò jọ̀wọ́ káàdì. Èékánná rẹ̀ ti funfun. Sàdíátù kò fà á. Ó ká ọwọ́ tirẹ̀ kúrò.

"Tiyín ni," ni ó wí. "Ẹ fi í pamọ́."

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, níbi àtẹ̀gùn kan náà, Lọ́yà gbọ́ pé káàdì kò ní dé kóòtù. Kò bá a jiyàn. Ó ronú, ó ní, "Ohun kan ṣì kù. Dókítà kò mọ̀ pé ojú ìwé kan wà tí ẹ̀yin ń bẹ̀rù. Ojú ìwé tí Abógúnrìn kọ orúkọ sí lòun ń bẹ̀rù. Mo ti fi ojú ara mi rí i, n ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. N ò ní purọ́ kankan mọ́ ọn. Kí lẹ fẹ́ kí n gbà?"

Sàdíátù ti mọ̀ pé òun kò ní rí ẹsẹ̀ gbà. Ó ní, "Kí ọkùnrin yẹn má gún ẹnikẹ́ni mọ́."

Níwájú àwọn àgbààgbà mẹ́ta yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé tí Lọ́yà kọ. Abógúnrìn padà sídìí ìgbálẹ̀. Lọ́yà tún gba bàtà onírin kan lọ́wọ́ Dókítà, tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn, tó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dúró kó lè máa rìn. Bàtà náà le, kò tẹ̀. A lè fi rìn dé ọjà. A kò lè fi ránṣọ.

Sànúsí rí bàtà náà, ó kàn ń mi orí lọ ní tirẹ̀.

"Àtọ́kẹ́! Bàtà! Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ra ẹnu ẹ! Kí ni n ó sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù? Ṣé kí n ní ojo ni mo fẹ́?"

Ṣàkírátù jáde láti ìdí ààrò, ó la ẹnu. Sàdíátù wò ó. Ìyáálé rẹ̀ pa ẹnu náà dé. Oṣù méjì ni Sànúsí kò fi fọwọ́ kan oúnjẹ Sàdíátù.

Lẹ́yìn tí ọ̀gìnnìtìn wọlé, Ṣàkírátù gbé àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún tirẹ̀ lé ibi ìtẹ̀. Wọn kò jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Sàdíátù mú aṣọ. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló ṣẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

"Ẹ dúró! Ẹ dúró!"

"Ìgbà tó o bá sọ ni n ó dúró! Ṣé èmi ló ń wo aṣọ ni?"

Àwọn obìnrin tó ń kọjá á ní, "Ẹ wá wo maṣíìnì ẹlẹ́ni méjì!" Ìró rẹ̀ kò dà bíi ti àtijọ́ mọ́. Ó ń tàsé, ó ń sáré, ó ń dúró lójijì. Sàdíátù kò lè rán ojú ìlà kan àfi kó pe ìyáálé rẹ̀. Ṣàkírátù kò lè lọ sọ́jà kó pẹ́. Bí ọ̀kan bá fẹ́ dìde, èkejì ní láti yẹra.

Ní Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù, arúgbó dé láti Ìwó. Ó dúró wò wọ́n, inú rẹ̀ dùn. "Báyìí ni ìyàwó àti ìyáálé ń ṣe," ni ó wí. Ó gbé àgúnmu kalẹ̀. Sàdíátù ló pò ó mọ́ ẹ̀kọ. Bàtà onírin kò jẹ́ kó lè kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyáálé rẹ̀. Ṣàkírátù gbà á. Kò wo ojú rẹ̀. Ó mu ún tán, ó fi etí ìró nu ẹnu, ó gbé ẹsẹ̀ padà sórí ibi ìtẹ̀.

"Ṣé kí n máa lọ?"

"Ẹ máa lọ."